Wákàtí Méjì ní Ilé Ọnà Borghese

Àwọn kan láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè wo iṣẹ́ ọnà dáadáa bí ẹnì kan bá ń ka ìṣẹ́jú sí i lọ́rùn. Wọ́n ní ẹni tí a fún ní wákàtí méjì péré láti wo ohun tí ọ̀gá fi ọdún mẹ́ta gbẹ́, bí ẹni tó lọ kí ọba lójú títì ni: ó rí agboorun, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ọba. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì fẹ́ jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí tí n kò sì fi gbà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níwájú ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ẹ bá gba ọ̀nà tèmi dé òpin tí ọjà náà kò sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè padà sí tiyín.

Ilé tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni Galleria Borghese, tó wà nínú ọgbà ńlá kan ní ìlú Róòmù. Èdè Ítálì ni mo lọ kọ́ kún èyí tí mo mọ̀ ní ìlú náà nígbà ìsinmi, mo sì ti pinnu kí n tó kúrò nílé pé n kò ní padà láìdé ibẹ̀. Kì í ṣe ilé tí ènìyàn kàn ń yà sí bí ẹni yà kí ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí tí yóò wọlé yóò sì wà lára tíkẹ́ẹ̀tì náà. Iye ènìyàn tí wọ́n ń gbà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà níwọ̀n. Ènìyàn a fi àpò rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú ẹrù, a wọlé, bí wákàtí méjì bá sì pé, a jáde kí àwọn mìíràn lè wọlé. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ogún yàrá ló wà nílé náà, lókè àti nísàlẹ̀. Wákàtí méjì jẹ́ 120 ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ wo gbogbo yàrá lọ́gbọọgba, ìṣẹ́jú mẹ́fà ló ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìka àtẹ̀gùn tí yóò gùn sí i.

Kí a tó dá òfin náà lẹ́jọ́, ó yẹ kí a mọ irú ilé tí ilé náà jẹ́. Ní ọdún 1605 ni Camillo Borghese di Póòpù tó sì ń jẹ́ Paul Karùn-ún. Ní ọdún náà gan-an ló sọ Scipione, ọmọ arábìnrin rẹ̀, di Kádínà. Scipione fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà bí ọdẹ ṣe fẹ́ràn ẹran ìgbẹ́: bí ó bá ti gbóòórùn rẹ̀, kò ní sinmi àfi bí ó bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Òun ló ní kí Flaminio Ponzio kọ́ ilé yìí fún òun. Nígbà tí Ponzio kú ní ọdún 1613, Giovanni Vasanzio ló parí rẹ̀. Ilé fàájì ni, ilé tí Kádínà ń gba àlejò sí, tí ó sì ń kó ọrọ̀ rẹ̀ jọ sí. Wọn kò kọ́ ọ fún èrò ọjà. Ìfẹ́ inú onílé ló ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà náà, títí di ọdún 1902 tí ìjọba Ítálì ra ilé náà àti àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé ilẹ̀kùn gbayawu kan wà tẹ́lẹ̀ tí tíkẹ́ẹ̀tì wá tì. Ohun tó wà tẹ́lẹ̀ ni ojú rere olówó. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni aago. Ọmọ ọba wọ ibẹ̀ lónìí, wákàtí méjì ni. Ọmọ àgbẹ̀ wọ ibẹ̀, wákàtí méjì náà ni. Èmi yóò yan aago ju ojú rere lọ.

Ó wá ku ìbéèrè tó le jù: ǹjẹ́ a lè mọ ère láàárín àkókò kúkurú bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan tó lókìkí jù nílé náà yẹ̀ wò, èyíinì ni Apollo àti Daphne, tí Gian Lorenzo Bernini fi òkúta mábù funfun gbẹ́. Ọdún 1598 ni wọ́n bí Bernini ní ìlú Naples. Ó bẹ̀rẹ̀ ère yìí ní 1622, ó sì parí rẹ̀ ní 1625; kò tíì pé ọmọ ọdún 25 nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ wà nínú Metamorphoses, ìwé tí Ovid kọ ní èdè Látìnì. Apollo òrìṣà rí Daphne, ọmọ òrìṣà odò, ìfẹ́ rẹ̀ sì kó sí i lórí. Ọmọbìnrin náà kò fẹ́ ẹ. Ó sá, Apollo lé e. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ké pe baba rẹ̀, baba rẹ̀ sì sọ ọ́ di igi laurel.

Àárín yàrá gbàgede ni ère náà wà nísinsìnyí, ènìyàn lè yí i po. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe ìwádìí rẹ̀ fi yé wa pé ibẹ̀ kọ́ ni Bernini gbé e sí. Ẹ̀bá ògiri ló wà, ní ọ̀nà tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn Apollo ni ẹni tó bá wọlé yóò kọ́kọ́ rí. Ní ọdún 1785, nígbà tí àwọn ará ilé Borghese ń tún yàrá wọn ṣe, ni wọ́n gbé e wá sáàárín. Ohun tí èyí túmọ̀ sí kò kéré. Ẹni tó bá wọlé láyé Scipione yóò kọ́kọ́ rí ọkùnrin kan tó ń sáré, aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, kò sì ní mọ ohun tó ń lé. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ sí i, yóò rí ọwọ́ tó na jáde, yóò rí ìbàdí obìnrin. Bí ó bá tún sún síwájú, yóò rí i pé kì í ṣe awọ ara ni ọwọ́ náà bà, èèpo igi ni. Lẹ́yìn náà ni yóò rí ìka ẹsẹ̀ tó ti ń di gbòǹgbò, àti ìka ọwọ́ àti irun orí tó ti ń yọ ewé, àti ẹnu tó là tí igbe wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń wò ó ni ń sọ ìtàn náà. Ère yìí ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àárín, ó ní òpin, bí àlọ́ ṣe ní wọn.

Èyí ni ìdáhùn mi àkọ́kọ́ fún àwọn tó ń bá aago jà. Bernini kò gbẹ́ ère yìí fún ojú tó dúró gbọin títí láé. Inú àkókò ló gbẹ́ ẹ sí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ènìyàn bá fi rìn láti ẹ̀yìn Apollo dé iwájú Daphne, bí ó ti yẹ kí a rìn ín, ó sàn ju ọjọ́ kan gbáko lọ tí a fi dúró sí ojú kan. Àwọn tó gbé e sáàárín ní 1785 fún wa ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n da ìtàn náà rú, nítorí a lè ti ibi òpin bẹ̀rẹ̀ láìmọ̀. Mo rí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́jọ́ náà tí wọ́n lọ bá ojú Daphne tààrà, tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, tí wọ́n sì kọjá. Bí a bá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, ohun tí yóò ṣe náà nìyẹn. Àìmọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ló jà wọ́n lólè, kì í ṣe aago.

Nítorí pé èdè ni mo ń kọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ọ̀rọ̀ kan nípa èdè wa. "Ó di igi" àti "ó ń di igi" kì í ṣe ohun kan náà. Gbogbo iṣẹ́ Bernini wà nínú "ń" kékeré yẹn. Àwa náà ní ìtàn àwọn obìnrin tó yí padà: Ọya di odò, Ọ̀ṣun di odò, Ọbà di odò. Ṣùgbọ́n "di" ni ìtàn wa máa ń sọ. Ó ti ṣẹlẹ̀, ó ti parí, ọlá rẹ̀ sì ti fìdí múlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú ère wa ṣe máa ń jókòó jẹ́ẹ́ tàbí kí wọ́n dúró ṣinṣin, tí ojú wọn tutù, nítorí ohun tí wọ́n jẹ́ ni wọ́n ń fi hàn, wọn kì í fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn hàn. N kò sọ pé ọ̀kan sàn ju èkejì lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá fi ojú tí a fi ń wo ère ìbejì wo Daphne yóò rò pé ariwo lásán ni, ẹni tó bá sì fi ojú tí a fi ń wo Daphne wo ìbejì yóò rò pé ó ń sùn. Àṣìwò ni méjèèjì.

Ère náà kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo. Àwọn òpìtàn gbà pé Giuliano Finelli, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Bernini, ló gbẹ́ púpọ̀ nínú ewé àti gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn tí gbogbo ayé ń yìn. Èyí kò ní ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu, nítorí a mọ bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń bá ọ̀gá rẹ̀ fá ère. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kádínà Maffeo Barberini, tó di Póòpù Urban Kẹjọ ní 1623, ṣe fi ìlà méjì ní Látìnì sí ìdí ère náà, kí ìtàn àwọn òrìṣà àtijọ́ má baà di ẹ̀gàn nílé Kádínà. Ìkìlọ̀ ni ìlà méjèèjì fún ẹni tó ń lé adùn tí kì í dúró: ewé àti èso kíkorò ni yóò bá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, ẹni tó ń lé nìkan ló bá wí. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tí wọ́n ń lé. Òkúta gbọ́ igbe Daphne ju akéwì lọ.

Yàrá mìíràn nísàlẹ̀ níbẹ̀ ni ère Pluto wà, níbi tó ti ń gbé Proserpina sá lọ sí ilẹ̀ àwọn òkú. Ọdún 1621 sí 1622 ni Bernini gbẹ́ ẹ. Ìka Pluto wọ itan ọmọbìnrin náà bí ìka ṣe ń wọ iyán. Omijé wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ajá olórí mẹ́ta jókòó sí ẹ̀yìn wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí iṣẹ́ tó ga jù nílé náà. Èmi kò gbà. Ọgbọ́n ọwọ́ pọ̀ níbẹ̀, àní ó pọ̀ débi pé òun ni a ń wò, tí a fi gbàgbé ọmọbìnrin tó ń sunkún. Níbí, ọwọ́ ti tẹ ohun tó ń wá, a sì ní kí àwa náà bá a yọ̀ sí bí ẹran ara ṣe rọ̀ tó. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Daphne, èèpo igi ti wà láàárín ọwọ́ àti ara. Apollo kò rí ohun tó ń wá gbà, àwa tí à ń wò ó náà kò sì rí i gbà. Nítorí èyí ni mo fi ní iṣẹ́ kejì yìí ga ju ti àkọ́kọ́: agbẹ́re náà ti kọ́ bí a ṣe ń fi nǹkan du ojú.

Lókè ni àwọn àwòrán wà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dúró pẹ́ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti aago. Àwòrán kan wà níbẹ̀ tí Raphael yà ní 1507, níbi tí wọ́n ti ń gbé òkú Jésù lọ sí ibojì. Atalanta Baglioni, obìnrin ọlọ́lá kan ní ìlú Perugia, ló ní kó yà á ní ìrántí ọmọ rẹ̀ Grifonetto, tí wọ́n pa nínú ìjà ẹbí ní ọdún 1500. Lápá ọ̀tún àwòrán náà ni Màríà ti dákú, tí àwọn obìnrin gbá a mú. Kò sí ẹni tó mọ ìdí tí wọ́n fi ya àwòrán náà tí kò ní mọ ohun tí ìyá tó dákú yẹn dúró fún. Pẹpẹ ẹbí Baglioni nínú ìjọ San Francesco al Prato ló wà fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1608, wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀ lóru, wọ́n sì gbé e wá fún Scipione ní Róòmù. Àwọn ará Perugia fi ariwo ta. Póòpù fi àṣẹ sọ ọ́ di ohun ìní ọmọ arábìnrin rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi èdà ránṣẹ́ sí wọn.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní 1607, wọ́n mú ayàwòrán kan tí wọ́n ń pè ní Cavalier d'Arpino nítorí ìbọn tí kò gbàṣẹ láti ní, ìjọba Póòpù sì gba àwòrán tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n di ti Scipione. Àwòrán méjì tí Caravaggio yà ní ọ̀dọ́, ti ọmọkùnrin tó gbé apẹ̀rẹ̀ èso àti ti Bacchus aláìsàn, wà lára wọn. Àwọn àgbà ní olè tó gbé kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Scipione rí ibi fọn tirẹ̀, a sì ń san owó gbọ́ ọ títí di òní. Nígbà tí Faransé gbé àwòrán Raphael yìí kan náà lọ sí Párísì ní 1797, tí wọ́n sì dá a padà lẹ́yìn tí Napoleon ṣubú, ilé Borghese ni wọ́n dá a padà sí. Wọn kò dá a padà sí Perugia.

Ọmọ Yorùbá kò lè gbọ́ irú ìtàn yìí kó máa wò bí ẹni pé kò kan òun. Ní 1938 ni wọ́n hú àwọn orí idẹ jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di ìsinsìnyí. Méjì tí William Bascom rà gbé lọ sí Amẹ́ríkà padà wálé ní 1950. Mo mẹ́nu kàn án kí a lè mọ ìwọ̀n ohun tí à ń ṣàròyé lé lórí. Ẹni tó bá ń bínú pé wọ́n fi aago gba ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́wọ́ òun níwájú àwòrán Raphael, kó rántí pé wọ́n fi òru ọjọ́ kan gba gbogbo àkókò tó kù lọ́wọ́ Perugia. Mo wo àwòrán náà pẹ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí a ní sí ohun tó rẹwà kò sọ bí ohun náà ṣe débẹ̀ di ẹ̀tọ́. Olùlámèyítọ́ tó bá sọ ti ẹwà tí kò sọ ti òru, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní àṣà òyìnbó ni kí a máa fi àkókò dínà fún ojú. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé wa ná. Ní Èkìtì, wọn kì í gbé Ẹpà jáde àfi lọ́jọ́ ọdún rẹ̀. Ní Kétu, òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń kọrin. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó di ẹ̀yìn ọ̀la. Kò sí ẹni tó ń sọ pé òun kò rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nítorí pé kò dúró sí gbangba ọjà títí ọdún fi yí po. Àkókò wà lára ohun èlò iṣẹ́ náà, bí igi àti ọ̀dà ṣe wà lára rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyí: ọmọ Èkìtì tó rí Ẹpà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ti gbọ́ orin rẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ kí eégún tó jáde, yóò sì tún rí i nígbà tí ọdún bá tún dé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn. Àwa tí à ń lọ sí ilé ọnà nílẹ̀ òkèèrè, ìṣẹ́jú wa kì í ní iwájú, kì í ní ẹ̀yìn, àfi bí àwa fúnra wa bá ṣe é fún un.

Òfin tíkẹ́ẹ̀tì náà ní àléébù tirẹ̀, ó sì yẹ kí n sọ ọ́. Ẹni tó lè pète ọjọ́ rẹ̀ tipẹ́ ni ó ṣe lóore jù. Ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tí ọ̀gá rẹ̀ kì í sọ ọjọ́ ìsinmi fún un títí di àná ọjọ́ náà, á ṣòro fún un. Ẹni tó fẹ́ padà lọ wo ohun kan ṣoṣo yóò tún san owó ogún yàrá. Bí àwọn aláṣẹ ilé ọnà níbikíbi bá ń gbọ́, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n mú pípadà wá rọrùn. Mo yan èyí ju pé kí wọ́n fi wákàtí kún wákàtí lọ, nítorí ẹni tó wo ère lẹ́ẹ̀mejì mọ̀ ọ́n ju ẹni tó wò ó pẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ.

Ní ti àwa akẹ́kọ̀ọ́, ìmọ̀ràn mi kò gùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pín 120 ìṣẹ́jú sí ogún yàrá. Kó mú iṣẹ́ mẹ́rin, kó ka ìtàn wọn kó tó kúrò nílé, kó mọ ẹni tó ṣe é, ẹni tó ní kó ṣe é, àti ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kó fi ẹsẹ̀ wo ère, kó fi etí wo àwòrán. Bí aago bá wá lù, yóò ti rí ohun tó tó o rò fún ọdún púpọ̀. Aago kò lè gba ohun tí a ti mú wọlé lọ́wọ́ wa. Ohun tí a kò mú wọlé ni kò sí iye wákàtí tó lè fún wa.